Kí Oòrùn Tó Kan Òkè: Ìrìn Síkì Ìgbà Ìrúwé sí Grand-Saint-Bernard

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó. Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń gbé mi lọ sí òkè Alps lọ́dọọdún, ìyẹn ni fífi síkì, pátákó gbọọrọ tí a ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín, gun òkè láìsí ẹ̀rọ tó ń gbéni, títí èèyàn yóò fi dé àlàfo tó wà láàárín òkè méjì. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín tí ẹ ń gbé ní Switzerland ti wọ síkì rí. Bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá wọ̀ ọ́, àwọn ọmọ yín ti wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ilé ìwé wọn. Èyí tí ẹ mọ̀ yẹn, ẹ̀rọ ló ń gbé yín gòkè. Àwọn òṣìṣẹ́ ti tún ojú ọ̀nà ṣe lóru, wọ́n sì ti fi ohun abúgbàù já yìnyín tó lè wó lulẹ̀ kí ẹ tó jí. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ní ìkankan nínú ìyẹn. Kò sí ẹni tó bá ọ tún ọ̀nà ṣe, kò sí ẹni tó máa sọ fún ọ pé ọ̀nà ti sé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín: ní ìgbà ìrúwé, wákàtí tí èèyàn bá jáde ló ń sọ bóyá ọ̀nà wà tàbí kò sí. Agbára ẹsẹ̀ àti ọgbọ́n síkì, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń tò sí.

Mo mú àlàfo òkè kan láti fi ṣàlàyé: Grand-Saint-Bernard. Ó wà láàárín ìpínlẹ̀ Valais ní Switzerland àti àfonífojì Aosta ní Ítálì, ó sì fi 2,469 mítà ga ju ojú òkun lọ. Láti ọdún 1964 ni wọ́n ti gbẹ́ tọ́nẹ́ẹ̀lì gba abẹ́ òkè náà, torí náà ọkọ̀ kò nílò orí àlàfo mọ́. Títì àtijọ́ ṣì wà, ṣùgbọ́n yìnyín ló ń ni ín láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù karùn-ún tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ dókè, síkì ni yóò wọ̀, tàbí bàtà fífẹ̀ tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín. Síbẹ̀ ilé àlejò kan wà lókè níbẹ̀ tí wọn kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lójú arìnrìn-àjò, tọ̀sán-tòru, tọdún-tọdún. Àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà tó ń tẹ̀lé ìlànà Augustine Mímọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Bernard, àlùfáà àgbà kan ní ìlú Aosta, ló dá ilé náà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1050. Ní 1923, Póòpù Pius Kọkànlá, tí òun náà ti gun òkè púpọ̀ kí ó tó jẹ póòpù, fi Bernard ṣe ẹni mímọ́ alábòójútó àwọn tó ń gun òkè.

Ibi tí a ti ń gbéra ni Bourg-Saint-Bernard, nítòsí ẹnu tọ́nẹ́ẹ̀lì, ní nǹkan bí 1,900 mítà. Ẹni tí kò ní mọ́tò lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Martigny dé Orsières, kí ó wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Láti Bourg-Saint-Bernard dé ẹnu ọ̀nà ilé àlejò náà kò ju nǹkan bí kìlómítà 6 lọ, gígun rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 550 mítà. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á fi wákàtí méjì sí mẹ́ta dé ibẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìn ọlọ́jọ́ gbọọrọ láti Chamonix sí Zermatt, kékeré ni. Ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn. Ó kéré débi pé èèyàn lè rò pé kò gba ìmọ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe apá òkè ọ̀nà náà ni Combe des Morts, Àfonífojì Àwọn Òkú.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ lórí yìnyín, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Nígbà òtútù, yìnyín ń rọ̀ lé ara wọn ní ìpele-ìpele. Ìpele kan lè bá ìjì rọ̀, kí ó dì mọ́ra pátápátá. Ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ hóró gbígbẹ tí kò di ara wọn mú rárá, bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ ẹní sórí àgbàdo gbígbẹ lórí òrùlé páànù. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀, odindi ẹní náà á ṣí lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ju 30 dígírì lọ ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀ jù, nínú ọ̀pọ̀ ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí yìnyín bò tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ tó fi wó. Ewu ìgbà òtútù nìyẹn. Abẹ́ ló fara pamọ́ sí, ojú lásán kò lè rí i.

Ewu ìgbà ìrúwé yàtọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ jù torí ó ṣeé kà. Láti oṣù kẹta lọ, oòrùn ń ga sí i. Lọ́sàn-án, ojú yìnyín ń yọ́, omi rẹ̀ ń rin wọ inú. Lóru, ó tún ń dì. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn ìpele yẹn á máa yòrò mọ́ra, hóró yìnyín á tóbi, á di roboto, wọ́n á sì lẹ̀ pinpin nígbà tí òtútù òru bá mú wọn. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, bàtà kì í wọ inú irú yìnyín bẹ́ẹ̀. Ó le gbagidi. Ní aago mẹ́wàá, oòrùn á ti rọ ìwọ̀n ìka kan tàbí méjì lókè, ibi tó wà nísàlẹ̀ á ṣì di ara rẹ̀ mú. Àkókò yìí ló dùn jù láti yọ̀ wálẹ̀, torí síkì á máa yí síbi tí èèyàn bá darí rẹ̀ sí, kò ní rì, kò sì ní sá. Tó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, omi ti dé ìsàlẹ̀, ohun tó so hóró mọ́ hóró ti tú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà yẹn lè wó nígbà náà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ibì kan náà ni. Yìnyín kan náà ni. Ọjọ́ kan náà ni. Aago nìkan ló yí.

Ṣùgbọ́n òru ló ń pinnu bí òwúrọ̀ yóò ṣe rí, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì í. Wọ́n á wo bí afẹ́fẹ́ ṣe tutù tó, wọ́n á ní, "Ó tutù, yìnyín á dì." Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Yìnyín ń tú ooru ara rẹ̀ sí ojú sánmà ní gbogbo òru. Bí sánmà bá mọ́ tí ìràwọ̀ yọ, ooru yẹn á lọ láìsí ohun tó dá a dúró, ojú yìnyín á sì dì, kódà bí afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ bá fi dígírì bíi mélòó kan ju òdo lọ. Bí ìkùukùu bá bo sánmà, ìkùukùu yẹn á dá ooru padà sílẹ̀, ilẹ̀ á mọ́ bá yìnyín ní rírọ̀. Torí náà, bí mo bá jí láàárín òru kí n tó lọ, ojú fèrèsé ni mo kọ́kọ́ ń gbà lọ. Bí n kò bá rí ìràwọ̀, mo ti mọ̀ pé ìrìn ọjọ́ yẹn á kúrú, tàbí kó má wáyé rárá. Nígbà tí mo bá sì jáde, mo máa ń fi bàtà lásán tẹ yìnyín ẹ̀bá títì. Bí ẹsẹ̀ bá wọlé dé orúnkún ní aago mẹ́fà àárọ̀, a ò tún jiyàn mọ́, ilé yá.

SLF, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí yìnyín ní Davos ní Switzerland, ń gbé ìròyìn ewu yìnyín jáde nígbà òtútù ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì máa ń tún un ṣe ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ìpele márùn-ún ni ewu náà ní. Ẹ má bẹ̀rù ìkẹrin àti ìkarùn-ún ju ìkẹta lọ. Ìpele kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún ń lé èèyàn sílé, ìkẹta ń jẹ́ kí wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe. Ní ìgbà ìrúwé, ìròyìn náà sábà máa ń sọ pé ewu á máa pọ̀ sí i bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi í sọ aago tí ẹ máa gbéra.

Àwọn tó kọjá níbẹ̀ ṣáájú wa mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1800, Napoleon kó ọmọ ogun tó tó nǹkan bí 40,000 gba orí àlàfo yìí lọ sí Ítálì. Wọ́n gbẹ́ ìtì igi páìnì ní ihò, wọ́n tẹ́ àgbá ìbọn ńlá sínú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun àti àwọn ará abúlé sì fi okùn wọ́ wọn gòkè lórí yìnyín. Gbogbo ayé ló mọ ìtàn àgbá yẹn. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ohun tí àwọn òpìtàn kọ sílẹ̀ ni wákàtí tí wọ́n ń gbéra: láàárín ọ̀gànjọ́ òru àti aago méjì òru ni, kí wọ́n lè kọjá ibi tó léwu kí ooru oòrùn tó tú yìnyín sílẹ̀ láti òkè. Ẹni tó ń lé ọba kúrò lórí oyè káàkiri Yúróòpù gbà fún oòrùn níbẹ̀. Àwòrán kan tó lókìkí fi í hàn lórí ẹṣin tó na ẹsẹ̀ méjèèjì iwájú sókè, ṣùgbọ́n ìbaaka ló gùn, ará àdúgbò kan ló sì ń ṣamọ̀nà rẹ̀. Desaix, ọ̀gágun rẹ̀ tó kú lójú ogun ní Marengo ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún yẹn, inú ilé àlejò orí àlàfo yìí ni wọ́n wá sin ín sí.

Ní ti ẹrù, n kò ní pẹ́ lórí síkì fúnra rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé bàtà kò so mọ́ ọn lẹ́yìn nígbà tí a bá ń gòkè. Iwájú nìkan ló dì, gìgísẹ̀ ń gbéra bí ẹni ń rìn. Abẹ́ síkì ni a ń lẹ awọ mọ́, gbọọrọ bí síkì ṣe gùn. Láyé àtijọ́, awọ ẹran inú òkun ni wọ́n ń lò. Lónìí, irun ewúrẹ́ tàbí ọ̀rá ni wọ́n fi ń ṣe é. Gbogbo irun rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, torí náà ó ń yọ̀ lọ síwájú, kò sì jẹ́ kí èèyàn yọ̀ padà sẹ́yìn. Nígbà tí a bá dókè, a ó bó awọ náà, a ó ká a sápò, a ó ti gìgísẹ̀ pa, a ó sì máa bọ̀. Ní òwúrọ̀ ìgbà ìrúwé tí yìnyín le, awọ nìkan kì í tó. Irin eléyín kan wà tí a ń kì bọ abẹ́ bàtà láti fi gbá yìnyín mú. Ó fúyẹ́, kò gba àyè, ẹ má fi í sílé.

Ohun mẹ́ta kan wà tí n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi lọ láìní wọn: ẹ̀rọ ìwáni, ọ̀pá ìwádìí àti ṣọ́bìrì. Ẹ̀rọ ìwáni jẹ́ rédíò kékeré tí a ń so mọ́ àyà. Orí 457 kilohertz ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, ẹni yòówù kó ṣe é, torí náà tẹni tó rà á ní Oslo á gbọ́ tẹni tó rà á ní Geneva. Bí yìnyín bá bo ẹnì kan, àwọn tó kù á yí tiwọn sí ìwákiri, á máa darí wọn lọ sí ibi tó wà. Ọ̀pá á sọ bó ṣe jìn tó. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ṣọ́bìrì, iṣẹ́ náà sì le, torí yìnyín tó bá ti wó tó sì dúró, ó máa ń dì mọ́ra gírígírí. Bí wọ́n bá wú ẹni náà jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15 àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ló ń yè. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrètí ń já wálẹ̀ kíákíá, torí kò sí èémí nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ní Valais, 144 ni nọ́ńbà tí ẹ máa pè, hẹlikópítà á sì wá. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí hẹlikópítà dé láàárín ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn. Ẹni tó máa yọ ọ́ ni ẹni tó bá ọ lọ. Ìdí nìyí tí n kì í fi í bá ẹni tí kò tíì fi ẹ̀rọ yìí dánra wò rìn, bó ti wù kó mọ síkì tó, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi tó.

Bí a bá gbéra nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọ̀nà náà rọrùn. Àfonífojì náà fẹ̀, gígun rẹ̀ kò le, èèyàn lè máa bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Bí o kò bá lè sọ̀rọ̀ bí o ti ń gòkè, o ti ń yára jù. Ẹ rọra. Ẹni tó bá sáré ní wákàtí àkọ́kọ́ á làágùn, òógùn yẹn á sì tutù mọ́ ọn lára nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Combe des Morts. Níbẹ̀, àfonífojì há, ó sì ga sí i. Lápá kan ni òkè Chenalette wà, 2,889 mítà. Ní apá kejì, lọ́nà àlàfo, ni òkè tí wọ́n ń pè ní Mont Mort, 2,867 mítà. Ẹ bá mi wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin. Òjìji ṣì bo ẹni tó ń rìn nísàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń tutù, yìnyín abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le, gbogbo nǹkan tó ń fọwọ́ kàn ń sọ fún un pé àyè ṣì wà. Ṣùgbọ́n lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, oòrùn ti ń yọ́ yìnyín fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó lè pa á kò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òkè orí rẹ̀ ló wà, oòrùn ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí tirẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí. Kí oòrùn tó kàn ọ́ ló ti ń kan òkè tó wà lórí rẹ. Aago òkè ni kí o kà, má ka aago àfonífojì.

Torí náà, bí a bá dé ẹnu Combe, a máa ń dúró, a ó gbójú sókè. Àmì àkọ́kọ́ ni yìnyín kéékèèké roboto tó ń já kúrò lára òkúta, tó sì ń yí wálẹ̀. Bí mo bá rí ẹyọ kan, mò ń yára. Bí mo bá rí púpọ̀, a kì í wọ ibẹ̀. Láti ilé la ti máa ń yan wákàtí tí a ó fi padà: bí wákàtí yẹn bá lù tí a kò tíì kọjá Combe, a padà. Nílé ló yẹ ká ti ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, nígbà tí ara kò tíì rẹni, tí ojú kò sì tíì rí òrùlé ilé àlejò lókè. Ẹni tó bá ti rí òrùlé náà tán, ẹnu rẹ̀ á máa wá àwáwí.

Àwọn àgbà wa ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Òtítọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá lọ sí ibi tí mò ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n nínú Combe, a rìn pọ̀, a sì jìnnà síra. Ẹnì kan á kọjá, àwọn yòókù á dúró síbi tí ewu kò dé, wọ́n á máa wò ó títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Bí a bá dìpọ̀ tí òkè sì wó, gbogbo wa ló máa bò. Ta ni yóò wá wú ta jáde?

Lẹ́yìn Combe, ọ̀nà kò pọ̀ mọ́. Wàá rí ilé ńlá olókùúta náà, gíga, tí yìnyín gùn dé ibi fèrèsé rẹ̀ ní àwọn ọdún kan. Wọ́n á gbà ọ́, wọ́n á fún ọ ní tíì gbígbóná. Wọn kì í bi ọ́ léèrè ìjọ tí ò ń lọ tàbí ilẹ̀ tí o ti wá. Èmi kò mọ ibòmíràn ní Yúróòpù tí mo ti rí irú ìtẹ́wọ́gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó kan ṣáà wọlé láti inú òtútù, mo sì ń sọ ọ́ níwájú yín nítorí pé gbogbo wa la mọ bí ilẹ̀kùn ṣe máa ń rí fún àlejò ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ó ti pẹ́ tí èèyàn ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà yìí. Àwọn ará Róòmù kọ́ tẹ́ḿpìlì sí orí àlàfo náà fún òrìṣà wọn Jupiter, tí wọ́n ń pè ní Poeninus níbẹ̀. Wọ́n ti hú àwọn wàláà idẹ kéékèèké tí àwọn arìnrìn-àjò fi sílẹ̀ jáde nínú ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ sì lè rí wọn nínú ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ilé àlejò náà. Ohun tí wọ́n kọ sára wọn ni ẹ̀bẹ̀ fún àlọ àti àbọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dúró níwájú wọn, ohùn ìyá mi ni mo gbọ́, bó ṣe máa ń wúre fún wa ní ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún 990, Sigeric, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, gba ibẹ̀ kọjá nígbà tó ń ti Róòmù bọ̀. Àwọn mìíràn kò dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ilé òkú kan wà lẹ́bàá ilé àlejò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí òkúta ni ilẹ̀ ibẹ̀, òtútù sì ń mú un dì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé òkú àwọn tí yìnyín pa sí, bóyá ará ilé wọn kan á wá dá wọn mọ̀.

Ní ti ajá, n kò gbọdọ̀ fò ó, torí àwọn ọmọdé á bi mí. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún títí di ọdún 2005 ni àwọn àlùfáà yìí fi sin ajá ńlá tí gbogbo ayé fi orúkọ òkè náà pè. Nígbà náà, àwọn ajá yìí máa ń bá àwọn àlùfáà lọ pàdé àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà nígbà òtútù, wọ́n ń wá ojú ọ̀nà tí yìnyín bò, wọ́n sì ń gbóòórùn ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó lókìkí jù ni Barry, tó gbé ayé láti 1800 sí 1814. Wọ́n ní ó gba èèyàn tó lé ní 40 là, ara rẹ̀ sì ṣì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀dá-sí ní Bern. Kò gbé àgbá ọtí kankan sọ́rùn rí. Edwin Landseer, ayàwòrán ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ya àgbá náà sọ́rùn ajá, àwòrán yẹn ló sì kárí ayé. Lónìí, hẹlikópítà àti ajá tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Martigny ni àwọn ajá ńlá yẹn ń gbé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mú wọn gòkè.

Ohun kan tún wà tó so òkè yẹn mọ́ ilé wa tààrà. Aṣálẹ̀ Sàhárà tí ọyẹ́ ti ń gbé eruku wá bo Ṣakí àti Ìbàdàn, aṣálẹ̀ yẹn náà ló ń rán eruku kọjá òkun sí òkè Alps nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí síhà àríwá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2021, ojú ọ̀run Switzerland pọ́n, yìnyín àwọn òkè sì di àwọ̀ ọsàn. Ẹwà rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Yìnyín funfun ń dá púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà; èyí tí eruku bò ń fa oòrùn mọ́ra, ó sì ń yọ́ kíákíá. Ìpele eruku bẹ́ẹ̀ lè sin sábẹ́ yìnyín tuntun, kí ó tún yọjú ní oṣù kẹrin nígbà tí èyí tó bò ó bá yọ́ tán. Ní ọdún tí mo bá rí pupa yẹn lójú ọ̀nà, mo máa ń tètè padà, ní wákàtí kan ṣáájú ìgbà tí mo máa ń padà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a ti dárúkọ oòrùn, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti awọ ara wa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé awọ dúdú kò lè jó. Bí èèyàn bá ṣe ń fi 1,000 mítà ga sí i, agbára ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lé sí i. Yìnyín tuntun sì lè dá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ padà sí ojú. Torí náà, abẹ́ imú, abẹ́ àgbọ̀n àti ètè ló ń jó, ibi tí a kì í rántí fi ìpara sí. Ojú pẹ̀lú ń jó. Ẹni tó bọ́ awò dúdú rẹ̀ lójú fún ìgbà pípẹ́ lè lo òru nínú ìrora, bí ẹni tí iyanrìn wà lójú rẹ̀, kó má lè lajú rárá. Ẹ ra awò tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú, kí ẹ sì mú òmíràn sápò.

Nípa sísọ̀kalẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ dé ilé lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ ti dé òkè kí oòrùn tó mú, kí ó mu tíì rẹ̀, kí ó sì ti kúrò nínú Combe kí yìnyín tó rọ̀ jù. Àkókò tí ó fi máa jókòó kò pọ̀. Èmi fẹ́ràn kí n sùn síbẹ̀. Ẹ fi tẹlifóònù pè kí ẹ tó lọ, kí wọ́n lè fi ibùsùn sílẹ̀ fún yín, torí láàárín oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ilé náà máa ń kún ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó sùn síbẹ̀ á jẹun alẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn láti ibi gbogbo, á sì ní òru kan sí i tí yìnyín á fi dì. Lówùúrọ̀ kejì, kí ó má yára jù níhìn-ín. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì le, síkì á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, irin etí rẹ̀ kò ní rí ibi dì mú, ìṣubú orí rẹ̀ sì máa ń gùn. Kí ó dúró kí òkè rọ̀ díẹ̀, ìwọ̀n ìka kan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó wá lọ. Ó kéré sí wákàtí kan tí àkókò yẹn máa ń pẹ́ ní àwọn ọjọ́ kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á gbádùn rẹ̀ débi tí yóò máa rántí rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn kan nínú yín ti sọ fún mi kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé àwọn fẹ́ lọ ní ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀. Inú mi dùn sí i gan-an, mo sì fẹ́ kí ẹ lọ. Ẹ kọ́kọ́ mọ síkì dáadáa lórí ọ̀nà tí wọ́n ti tún ṣe, kí ẹ lè sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín líle láìbẹ̀rù. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì lórí ewu yìnyín àti ìlò ẹ̀rọ ìwáni. Wọ́n ń ṣe é nílùú púpọ̀ nígbà òtútù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa gòkè, ẹ gba amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n ẹ lè jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ dá a. Máàpù Switzerland tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń fi àwọ̀ hàn ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti ju 30 dígírì lọ. Ẹ wo Combe des Morts lórí rẹ̀ lálẹ́ yìí, kí ẹ wo ohun tó wà lókè ọ̀nà, kí ẹ tún wo ibi tí ó kọjú sí. Mo ti tẹ ẹyọ kan síta sórí tábìlì níbẹ̀ yẹn fún ẹni tó bá fẹ́ kí a jọ wò ó. Ìbéèrè yín ló kù.